Orúkọ òkun lẹ́nu àwọn ará Hàwáì àti Polinísíà: ẹ jẹ́ ká jọ gbé e yẹ̀wò

Àdùní Etíkun

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí àwọn kan ti ń jiyàn lórí èdè ńlá àti èdè kékeré, ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn ará Hàwáì ní fún òkun, ìyẹn kai, pé bí wọ́n bá fẹ́ sọ ohun mìíràn, wọ́n á kàn fi "ńlá" tàbí "kékeré" kún un. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Erékùṣù Oʻahu, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Hàwáì ní agbami Pàsífíìkì, ni mò ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé mi débẹ̀, mo sì ti bá àwọn àgbà tó ń pẹja létí òkun jókòó tó láti mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ David Malo. Ọmọ Hàwáì ni, wọ́n bí i ní nǹkan bí 1795, ó sì kú ní 1853. Ó ti gbọ́njú kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé. Nígbà tí wọ́n dé, ó kọ́ ìwé lọ́dọ̀ wọn, ó wá fi èdè abínibí rẹ̀ kọ àṣà àti ìtàn àwọn baba rẹ̀ sílẹ̀. Ó ya apá kan sọ́tọ̀ fún orúkọ òkun nínú iṣẹ́ yẹn. Ohun tó wù mí jù ni bó ṣe tò ó: orí iyanrìn ló ti gbéra, tó ń wọnú omi lọ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ fi pòórá lójú rẹ̀.

Ibi tí omi ti ń lá iyanrìn ni ʻae kai. Ibi tí ìgbì ti ń fọ́ ni poʻina nalu. Omi tí kò jìn, tó wà láàárín ilẹ̀ àti àpáta iyùn, àpáta tí ẹ̀dá kéékèèké inú òkun ń kọ́, ni kai kohola. Ibi tí wọ́n ti ń gun ìgbì ni kai heʻe nalu. Níwájú ibẹ̀ ni kai lū heʻe wà, ibi tí wọ́n ti ń dẹ heʻe, ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ nì. Lẹ́yìn náà ni kai mālolo, ibi tí ẹja tó ń fò wà, àti kai ʻōpelu, tí wọ́n fi orúkọ ẹja mìíràn pè, àti kai hī aku, ibi tí wọ́n ti ń fi ìwọ̀ fa aku, ẹja ńlá ojú agbami. Tí èèyàn bá kọjá gbogbo wọn, ó di kai uli, omi tó jìn tó sì dúdú. Ó di moana. Èyí tó jìnnà jù lọ ni kai pōpolohua tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Kāne, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà ńlá wọn, omi aláwọ̀ àlùkò tó lọ títí dé ilẹ̀ òkèèrè.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí kai lū heʻe. Owó ẹyọ ni wọ́n fi ń dẹ ẹran yẹn. Èyí tiwọn tóbi ju èyí táwa mọ̀ lọ, ọ̀kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àtẹ́lẹwọ́, leho ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á so ó mọ́ òkúta tó wúwo, wọ́n á fi ìwọ̀ sí ìdí rẹ̀, wọ́n á wá fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ omi. Ẹni tó mú okùn náà á máa gbọ̀n ọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí owó ẹyọ náà máa jó lójú iyanrìn. Heʻe ò lè rí i kó má jáde. Á wá dì mọ́ ọn, apẹja á sì fa okùn. Nítorí náà, bí apẹja kan bá sọ fún èkejì pé kai lū heʻe lòun ń lọ, onítọ̀hún ti mọ bí omi ibẹ̀ ṣe jìn tó, ó mọ irú ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, ó mọ ohun èlò tó wà nínú ọkọ̀, ó sì mọ ohun tí wọ́n máa jẹ lálẹ́. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn: orúkọ kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tó yẹ kéèyàn ṣe níbẹ̀.

Ẹni tó bá ní àfikún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un wá.

Akọ́mọlédè

Ẹ kú iṣẹ́, Àdùní. Mo kà á tán, ó sì dùn ún kà. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí mi ò lè gbé mì. Kai, kai, kai ni mo rí níbẹ̀. Kai tòun ti orúkọ ẹja, kai tòun ti orúkọ àwọ̀. Èdè wo ni ò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Bí mo bá ní "odò àrọ̀", "odò akàn", "odò dúdú", ṣé mo ti ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún odò nìyẹn? A ti gbọ́ irú èyí rí lórí àwọn ará ilẹ̀ yìnyín, pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní fún yìnyín ò lóǹkà, àwọn onímọ̀ èdè sì ti fi hàn pé àsọdùn pọ̀ nínú ẹ̀. Mi ò fẹ́ ká yin àwọn èèyàn yìí lọ́nà tí kì í ṣe tiwọn. Ṣé ọ̀rọ̀ tó dá dúró wà, tí kò gbára lé kai?

Àdùní Etíkun

Ó wà dáadáa, ẹ̀gbọ́n.

Nalu ni ìgbì tó ń bọ̀ wá fọ́ sí etíkun. ʻAle ni ìgbì ojú agbami, èyí tó ń ru tó ń rọlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ò sí nítòsí. Au ni ìṣàn omi inú òkun. Kākala ni ibi tí orí ìgbì ti ká kò tó fẹ́ wó. Lala ni ìgbì tó dábùú, èyí táwọn tó ń gun ìgbì fẹ́ràn nítorí pé ó máa ń jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rìn jìnnà lórí ẹ̀. ʻEhu ni ìkùukùu omi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kúrò lórí ìgbì. Huʻa ni ìfófòó. Malino àti laʻi ni ti omi tó dákẹ́ rọ́rọ́.

ʻAle yẹn wà nínú orúkọ ọ̀nà omi kan tó ń ba àwọn atukọ̀ lẹ́rù títí dòní. ʻAlenuihāhā ni wọ́n ń pè é, láàárín Maui àti erékùṣù ńlá tó ń jẹ́ Hawaiʻi gan-an. Òkè Haleakalā, tó ga ju mítà 3,000 lọ, wà ní apá kan. Mauna Kea, tó ga ju mítà 4,200 lọ, wà ní apá kejì. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ ò lè gba orí òkè méjèèjì kọjá, àárín wọn ló máa ń fún ara ẹ̀ gbà, ibẹ̀ ló ti ń di alágbára, tó sì ń ru omi sókè. Ẹni tó bá gbọ́ èdè náà, tó gbọ́ orúkọ ibẹ̀, ti gbọ́ pé ìgbì ńláńlá tó ń kọlu ara wọn ló wà níbẹ̀. Ìkìlọ̀ ni orúkọ náà.

Ní ti àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kai, ẹ rò ó báyìí. Bí àwa bá ní òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ṣé ọ̀rọ̀ méjì tá a kàn lẹ̀ pọ̀ ni? Àgbẹ̀ tó gbọ́ ọ ti ń wá ọkọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kai koʻo, òkun tó ń ru gidigidi: bí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀, ọkọ̀ á ti máa gòkè sórí iyanrìn. Bí wọ́n bá ní kai maloʻo, omi ti fà, àwọn obìnrin á gbé apẹ̀rẹ̀, wọ́n á gba orí àpáta iyùn lọ ṣa limu, ewé inú òkun tí wọ́n ń jẹ.

Ọmọ Ìlàjẹ

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Etíkun ni wọ́n bí mi sí, mo mọ ohun tí arábìnrin yìí ń sọ. Bàbá mi kì í wọkọ̀ láìkọ́kọ́ dúró wo omi, bó ti wù kí ọjà pẹ́ tó.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni kíkún àti fífà omi lọ́dọ̀ wọn. Ṣé òṣùpá làwọn náà ń wò? Ṣé wọ́n ní orúkọ fún un?

Bàbá Jọ́gíráfì

Ọmọ Ìlàjẹ, ìbéèrè gidi lo bi yìí. Ogún ọdún lé ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ yìí, jẹ́ kí n dá sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni, òṣùpá ni. Àwọn ará Hàwáì sọ gbogbo òru inú oṣù lórúkọ, ọgbọ̀n ni. Hilo ni òru àkọ́kọ́, nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bí okùn. Hoaka ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni òru Kū mẹ́rin: Kūkahi, Kūlua, Kūkolu, Kūpau. Ní àwọn ọjọ́ Kū, omi máa ń fà gan-an, àpáta iyùn á yọrí síta, ìgbà ẹja etíkun nìyẹn. Àwọn ʻOle ló kàn. Wọ́n ní òkun máa ń ru lásìkò yẹn, wọn kì í sì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun lóko. Hoku àti Māhealani wà nígbà tí òṣùpá bá kún. Muku ni òru tó kẹ́yìn, tí òṣùpá ò yọ rárá. Orúkọ ọjọ́ àti orúkọ òkun ń rìn pọ̀ ni. Apẹja tó bá ní Kūlua lòní ti sọ bí omi ṣe rí.

Kíkún àti fífà omi ò pọ̀ ní Hàwáì, kì í tó mítà kan láàárín ìgbà tó kún jù àti ìgbà tó fà jù. Àmọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ nínú gbogbo òkun àgbáyé wà ní Tàhítì, erékùṣù kan ní gúúsù agbami Pàsífíìkì. Níbi púpọ̀, òṣùpá ló lágbára jù lórí omi, ìdí nìyẹn tí aago tí omi ń kún fi ń sún síwájú lójoojúmọ́, nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ní Tàhítì, ipa òṣùpá fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, nítorí pé ìgbì ńlá tí òṣùpá ń fà káàkiri agbami Pàsífíìkì ń yí po bíi pé ó ní ìdodo, erékùṣù náà sì wà nítòsí ìdodo yẹn. Ti oòrùn ló ṣẹ́ kù. Nítorí náà, nǹkan bí ọ̀sán gangan àti nǹkan bí ọ̀gànjọ́ òru ni omi máa ń kún níbẹ̀, lójoojúmọ́, kò sì í ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà ọgbọ̀n lọ. Atukọ̀ tó ti Tàhítì lọ sí Hàwáì láyé àtijọ́ ti bá òkun mìíràn pàdé nìyẹn, tó gbọ́dọ̀ tún kọ́ ìwà ẹ̀.

Fẹ́mi Ọ́kílándì

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Niu Sílándì ni mo wà, ẹ jẹ́ kí n mú ti àwọn Māori, àwọn onílẹ̀ ibí, wá, torí wọn kì í sọ̀rọ̀ wọn tó báyìí.

Ìdílé kan náà ni àwọn èdè yìí, èdè Polinísíà, ìyẹn àwọn erékùṣù tó fọ́n ká agbami Pàsífíìkì láti Hàwáì dé Niu Sílándì. Kai ti Hàwáì ni tai lọ́dọ̀ àwọn Māori. Nalu ni ngaru níbí, galu ni ní Sàmóà. Moana ò yí padà. Òrìṣà òkun, Kanaloa lọ́hùn-ún, Tangaroa ni níbí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní 1769, nígbà tí Tupaia, àlùfáà àti atukọ̀ ọmọ Raiatea, erékùṣù kan nítòsí Tàhítì, bá ọkọ̀ James Cook, atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ibí, ó bá àwọn Māori sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé. Àwọn méjèèjì ò tíì rí ara wọn rí láyé. Agbami ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà ló sì wà láàárín wọn.

Tai pari ni omi tó ń kún, tai timu ni èyí tó ń fà. Ṣùgbọ́n èyí tó gbà mí lọ́kàn ni bí wọ́n ṣe pín òkun sí akọ àti abo. Etíkun ìwọ̀-oòrùn ni Tai Tamatāne, òkun ọkùnrin. Etíkun ìlà-oòrùn ni Tai Tamawahine, òkun obìnrin. Ẹni tó bá ti dé etíkun méjèèjì á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ewì lásán. Lápá ìwọ̀-oòrùn, iyanrìn dúdú ni, afẹ́fẹ́ ń ti ojú òkun bọ̀ láìsí ohun tó dá a dúró, ìgbì ń bú bí ààrá. Lápá ìlà-oòrùn, omi rọra ń mí.

Ẹnu ọ̀nà Manukau, létíkun ìwọ̀-oòrùn yẹn, kò jìnnà síbi tí mò ń gbé. Ní oṣù Kejì 1863, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ HMS Orpheus fẹ́ wọlé níbẹ̀, ó kọlu òkìtì iyanrìn tó wà lábẹ́ omi, ìgbì sì fọ́ ọ túútúú. Nínú èèyàn 259 tó wà nínú ẹ̀, 189 ló bómi lọ. Kò tíì sí ìjàǹbá ọkọ̀ ojú omi tó burú tó o nílẹ̀ yìí. Máàpù wà lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ó ti gbó, iyanrìn sì ti ṣípò.

Àdúrà kan tún wà tí wọ́n máa ń ṣe fún ara wọn: "Kia hora te marino, kia whakapapa pounamu te moana." Wọ́n ń gbàdúrà pé kí ìdákẹ́jẹ́ tẹ́ rẹrẹ, kí òkun máa dán bí òkúta aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fi ṣe ọ̀ṣọ́. Marino yẹn ni malino ti arábìnrin Àdùní.

Ìyá Tàíwò

Ẹ kú ọgbọ́n o. Inú mi dùn pé mo bọ́ síbí.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n ń pe sùnámì, ìgbì ńlá tí ilẹ̀ mímì ń rú sókè? Ẹ̀rù nǹkan yẹn máa ń bà mí. Mo gbọ́ pé òkun á kọ́kọ́ sá lọ, ẹja á máa ta pàtìpàtì lórí ilẹ̀, àwọn ọmọdé á sì sáré lọ ṣà á. Ṣé òótọ́ ni?

Àdùní Etíkun

Òótọ́ ni, mà, wọ́n sì ní orúkọ fún ìgbà méjèèjì. Kai mimiki ni ti omi tó ń fà sẹ́yìn bíi pé ẹnì kan ń fa á mu láti ìsàlẹ̀. Kai eʻe ni ti omi tó ń gòkè bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, tó ń gun orí ilẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àmì, ìkejì ni ikú.

Ní àárọ̀ 1 oṣù Kẹrin 1946, ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun nítòsí àwọn erékùṣù Aleutian ní Àlásíkà. Kò sí ẹni tó mọ̀ ní Hàwáì. Ìgbì náà rin nǹkan bí wákàtí márùn-ún kó tó dé. Ní Laupāhoehoe, abúlé kan ní erékùṣù Hawaiʻi, ilé ẹ̀kọ́ wà lórí ilẹ̀ pẹlẹbẹ kan tó yọrí sínú òkun. Àwọn ọmọ dé síléèwé, wọ́n rí i pé omi ti lọ, ilẹ̀ òkun hàn, ẹja ń fò lórí òkúta. Àwọn kan sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Omi padà dé. Nǹkan bí èèyàn 24 ló bá a lọ níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní ìlú Hilo, ní erékùṣù kan náà, ọ̀pọ̀ ilé tó kọjú sí òkun ló wó. Èèyàn 159 ló kú ní Hàwáì lápapọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà dá ilé iṣẹ́ ìkìlọ̀ sùnámì sílẹ̀ ní Oʻahu níbí ní 1949, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní fún gbogbo agbami Pàsífíìkì.

Mo ti dé Laupāhoehoe. Òkúta ìrántí wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó kú sí. Mi ò lè kà á tán.

Akọ́mọlédè

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, àmọ́ mi ò lè má sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ẹ ní orúkọ kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tó yẹ kéèyàn ṣe. Bí kai mimiki bá wà nínú èdè wọn láti ìgbà láéláé, kí ló dé tí àwọn ọmọ sáré lọ sọ́dọ̀ òkun dípò kí wọ́n gun òkè?

Bàbá Jọ́gíráfì

Ìbéèrè tó yẹ ká dáhùn ni, ká má sì yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Wo àwọn tó ń gbé ibẹ̀ nígbà náà. Oko ìrèké ló kó ọ̀pọ̀ wọn wá: ará Japan, ará Pọ́túgà, ará Filipínì, àti àwọn ọmọ wọn. Àwọn ará Japan ló pọ̀ jù ní àdúgbò kan ní Hilo tí omi gbá lọ. Àwọn yẹn gan-an ló ni ọ̀rọ̀ tsunami tí gbogbo ayé wá ń lò, wọn ò sì bọ́. Ní ti èdè Hàwáì, òfin 1896 ti sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìkọ́ni ní gbogbo iléèwé. Ọmọ tó bá jókòó ní kíláàsì Laupāhoehoe ní 1946, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn òfin yẹn ló ń kàwé. Ta ló fẹ́ sọ kai mimiki létí ẹ̀?

Àmọ́ mi ò ní fi gbogbo ẹ̀bi sórí òfin. Wo 1960. Ilẹ̀ mì ní Ṣílè ní 22 oṣù Karùn-ún, ó tó 9.5 lórí òṣùwọ̀n, kò tíì sí èyí tó tó o láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ilé iṣẹ́ ìkìlọ̀ ti wà. Sáírìn dún ní Hilo lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn kan ò kúrò nílé. Àwọn mìíràn jáde lọ sí etíkun lọ wo bó ṣe máa rí. Ìgbì àkọ́kọ́ kéré, wọ́n rò pé ó ti parí. Ìgbì ńlá dé lẹ́yìn aago kan òru, èèyàn 61 sì kú. Wọ́n gbọ́ sáírìn, àmọ́ ohun tó ní kí wọ́n ṣe ò yé ọ̀pọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tó kọ́ ọ mọ́ ìṣe, etí lásán ló ń wọ̀. Bí ọmọ bá gbọ́ kai mimiki tó sì rí i pé ìyá ẹ̀ gbá a mú tó ń sáré gòkè, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà wọnú ẹsẹ̀ ẹ̀.

Fẹ́mi Ọ́kílándì

Mo fẹ́ gbè Bàbá lẹ́sẹ̀. Ní 29 oṣù Kẹsàn-án 2009, ilẹ̀ mì nítòsí Sàmóà, àwọn èèyàn sì mọ̀ ọ́n lára gan-an. Galulolo ni wọ́n ń pe ìgbì bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tí omi fi dé. Èèyàn tó ju 180 lọ kú ní Sàmóà, Sàmóà ti Amẹ́ríkà àti Tóńgà. Àwọn ọmọ Sàmóà pọ̀ ládùúgbò mi níbí, ohun tí mo sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ẹbí wọn yè ni pé ẹsẹ̀ ilẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé: ilẹ̀ mì, wọ́n gun òkè. Wọn ò dúró de rédíò.

Atukọ̀ Kékeré

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà sójú agbami díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọkàn mi wà. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ni mò ń tún ṣe, mo sì ń ka gbogbo ohun tí mo bá rí nípa àwọn atukọ̀ Pàsífíìkì.

Ẹ ṣọ́ra fún àwòrán kan tó ń káàkiri, àwòrán igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n dè pọ̀ bí àwọ̀n, tí wọ́n lẹ ìkarahun mọ́, tí wọ́n ń kọ sábẹ́ ẹ̀ pé "máàpù àwọn ará Hàwáì". Ti àwọn ará erékùṣù Marshall ni, Maikironísíà, àwọn erékùṣù mìíràn lápá ìwọ̀-oòrùn Pàsífíìkì, sì ni wọ́n, wọn kì í ṣe Polinísíà. Igi yẹn ń fi hàn bí ìgbì ṣe ń tẹ̀ nígbà tó bá kan erékùṣù, ìkarahun ni erékùṣù náà. Wọn kì í gbé e wọkọ̀. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fi kọ́ ọmọ, á mọ́ ọn lórí kó tó lọ.

Àmọ́ ẹ̀kọ́ ìgbì yẹn náà ló gba Hàwáì là. Nígbà tí wọ́n kan ọkọ̀ Hōkūleʻa, ọkọ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀ tó ní ìgbòkun, tí wọ́n sì gbé e sómi ní 1975, kò sí ọmọ Hàwáì kankan tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìràwọ̀ àti ìgbì wakọ̀ dé Tàhítì. Ará Satawal, ní Maikironísíà, Mau Piailug, ni wọ́n lọ bẹ̀. Wọ́n kúrò ní Maui ní 1 oṣù Karùn-ún 1976, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Papeete, olú ìlú Tàhítì, ní 4 oṣù Kẹfà, láìsí kọ́ńpáàsì, láìsí máàpù. Ọ̀nà náà ju kìlómítà 4,000 lọ. Èrò tó wá pàdé wọn kún etíkun bámúbámú. Ní 1980, Nainoa Thompson, ọmọ Hàwáì, wa ọkọ̀ náà lọ ó sì wà á bọ̀.

Ohun tí Mau ń ṣe nìyí, tí mi ò lè gbàgbé láti ìgbà tí mo ti kà á. Bí ìkùukùu bá bo ìràwọ̀, á lọ sùn gbalaja sínú ọkọ̀, á fi ẹ̀yìn lé pákó. Ó ń fi ara gbọ́ ìgbì. Ìgbì tí afẹ́fẹ́ òní rú kúrú, kò sì ní ìlànà. Ìgbì tó ti ibi ìjì òkèèrè wá gùn, ó ń wá lọ́ọ̀rìn lọ́ọ̀rìn, ọ̀nà tó gbà wá kì í yí fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ó lè jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta irú ẹ̀ ló máa gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ń gbé imú ọkọ̀ sókè, èkejì ń mì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọkọ̀ bá yà kúrò lójú ọ̀nà, bó ṣe ń mì á yàtọ̀, Mau á sì sọ pé kí wọ́n dá a padà. Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ṣé ọ̀rọ̀ kan á tó o fún ìgbì? Kò lè tó o.

Akọ́mọlédè

Atukọ̀, o kú iṣẹ́. Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Ó ti wá yé mi pé iṣẹ́ ọwọ́ ló ń bí ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ìfẹ́ ewì.

Ìbéèrè tó kù sí mi lọ́rùn ni tòní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ṣé àwọn ọmọ ṣì ń lò ó?

Àdùní Etíkun

Wọ́n ń lò ó, ẹ̀gbọ́n, ó sì ń pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lásán kọ́ ni wọ́n fi gbà á padà. Òfin 1978 ló sọ èdè Hàwáì di èdè ìjọba lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1984, àwọn òbí àti olùkọ́ kan ṣí iléèwé jéléósinmi àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fi èdè náà nìkan kọ́mọ, Pūnana Leo, ní Kekaha, ní erékùṣù Kauaʻi. Àwọn ọmọ ọjọ́ náà ti di òbí báyìí. Mo ti rí bàbá ọ̀dọ́ kan tó gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn ọrùn létíkun, tó ń na ọwọ́ sí omi, tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé kí ni tibí, kí ni tọ̀hún, ọmọ náà sì ń dá a lóhùn: kai kohola, poʻina nalu. Ọmọ náà ò tíì lè lúwẹ̀ẹ́. Ó ti mọ ibi tí òun ò gbọ́dọ̀ dé.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé orúkọ ẹja ṣì wà, ẹja ń dín. Orúkọ tó dúró lórí àpáta iyùn ò ní wúlò tó bẹ́ẹ̀ bí àpáta iyùn bá kú. Ní 2014 àti 2015, omi gbóná kọjá bó ṣe yẹ, iyùn tó pọ̀ sì funfun, ọ̀pọ̀ wọn ò padà bọ̀ sípò. Àwọn apẹja tí mo mọ̀ ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìrora.

Ìyá Tàíwò

Ọlọ́run á bá wọn tún un ṣe. Àdùní ọmọ mi, ọmọ mi obìnrin fẹ́ mú mi wá sí Honolulu nínú oṣù Kejìlá yìí láti Texas. Ó ní a máa dé etíkun apá àríwá níbi tí ìgbì ńlá wà. Èwo nínú ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀?

Àdùní Etíkun

Ẹ káàbọ̀ sílẹ̀ wa, mà! Kai koʻo ni kẹ́ ẹ mọ̀. Ìgbà òtútù ni oṣù Kejìlá, ìjì ń jà lápá Àlásíkà, ìgbì rẹ̀ ló sì ń wá fọ́ sí etíkun àríwá Oʻahu. Apá gúúsù, ní Waikīkī, lè dákẹ́ rọ́rọ́ lọ́jọ́ kan náà, kẹ́ ẹ sì rò pé bó ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn. Ìgbà ooru, láàárín ọdún, ni ti gúúsù máa ń ru.

Ní Waimea, etíkun kan lápá àríwá yẹn, orí iyanrìn tó ga sókè ni kẹ́ ẹ jókòó sí, níbi tó gbẹ dáadáa. Bí iyanrìn tàbí òkúta bá tutù, omi ti débẹ̀ láìpẹ́, á sì tún débẹ̀. Ìgbì ńlá kì í wá lẹ́yọ kan, wọ́n máa ń tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n á wá sinmi pẹ́, ìgbà ìsinmi yẹn ló ń tan àlejò jẹ. Ẹ kọ́kọ́ fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú wo omi kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ọn. Ẹ má kọ ẹ̀yìn sí i torí fọ́tò. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun máa ń ri àsíá àti pátákó mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ní ká má wọ̀ ọ́, ká má wọ̀ ọ́ ni, àní dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ sì bá wọn sọ̀rọ̀, wọn kì í lé èèyàn. Ẹ béèrè pé báwo ni òkun ṣe rí lónìí, wọ́n á na ọwọ́ sí i, wọ́n á fi hàn yín ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé, ẹ kọ ọ́ síbí. Bí n ò bá sí níbi iṣẹ́, èmi fúnra mi ni màá wà yín lọ.

Ìyá Tàíwò

Mo gbọ́ o, ọmọ mi. Màá sọ fún ọmọ mi kó wo ọjọ́ ọkọ̀ òfuurufú, màá sì kọ ọ́ síbí kí ọ̀sẹ̀ tó parí.